Bí wọ́n ṣe ń mọ agbára títì láì gbẹ́ ẹ

Títì méjì lè wà nínú ìlú kan náà, kí ọ̀dà àwọn méjèèjì dúdú kó sì máa dán, kí ọkọ̀ máa sáré lórí wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Síbẹ̀, ọ̀kan lè lo ogún ọdún, kí èkejì má ré òjò ọdún kejì kọjá. Ojú lásán kò lè sọ èyí tó máa pẹ́ nínú wọn. Abẹ́ ọ̀dà ni ọ̀rọ̀ wà: yangí tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ́ lé e lórí, bí rólà ṣe tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ tó, àti ilẹ̀ àdáyébá tó gbé gbogbo rẹ̀ rù.

Àwọn ẹnjiníà ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ gbogbo ìpele wọ̀nyí wò láì gbẹ́ títì, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó ká mi lára pé a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kéde owó àtúnṣe ọ̀nà. A máa ń gbọ́ iye bílíọ̀nù, a máa ń gbọ́ iye kìlómítà, a sì máa ń gbọ́ orúkọ agbaṣẹ́ṣe. Bóyá wọ́n wọn agbára títì náà kí wọ́n tó pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i, ẹnu kì í sábà kàn án.

Ohun tó kọ́kọ́ ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé a máa ń ka títì tó dán sí títì tó lágbára. Ìwọ̀n ọ̀tọ̀ wà fún bí títì ṣe ń gbé èèyàn jó tó. IRI ni wọ́n ń pè é, láti inú ìdánwò tí Báńkì Àgbáyé ṣe ní Brasília, ní orílẹ̀-èdè Brazil, lọ́dún 1982 ni wọ́n sì ti gbé e kalẹ̀. Ìwọ̀n yìí wúlò, torí títì tó ń gbéni jó ń ba ọkọ̀ jẹ́, ó sì ń jẹ epo. Ṣùgbọ́n ẹ da ọ̀dà tuntun tó nípọn sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lé ìpìlẹ̀ tó ti jẹrà, IRI títì náà á dára gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé ríbọ́ǹnù. Agbára rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àná.

Kí wá ni agbára títì? Títì ọlọ́dà máa ń tẹ̀. Bí táyà tírélà tó kún bá gorí rẹ̀, ojú títì á wọlẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ ìlàjì mìlímítà, ó lè tó mìlímítà kan, á sì padà sókè bí táyà bá ti kọjá. Kò sí ojú tó lè rí i. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ báyìí, ìsàlẹ̀ ìpele ọ̀dà máa ń fà. Ọ̀kẹ́ àìmọye táyà ló ń kọjá lọ́dún. Tó bá yá, ìsàlẹ̀ yẹn á ya, yíya náà á sì máa gùn bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a bá fi máa rí ìlà wẹ́wẹ́ tó so kọ́ra lójú títì, ọ̀rọ̀ ti pẹ́ nísàlẹ̀. Omi òjò á gba inú ìlà wọ̀nyẹn wọlé, ìpìlẹ̀ á mumi, kòtò á yọjú. Nítorí náà, ẹni tó bá lè wọn bí títì ṣe ń tẹ̀ tó lábẹ́ ẹrù tí a mọ ìwúwo rẹ̀ lè mọ̀ pé títì náà ń kú lọ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́.

Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Wọ́n á da ọkọ̀ dúró, wọ́n á gé ọ̀dà ní onígun mẹ́rin, wọ́n á wa ilẹ̀, wọ́n á sì kó yangí àti erùpẹ̀ lọ sí yàrá ìdánwò. Nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní CBR, wọ́n lè rẹ erùpẹ̀ náà sínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó fi irin tẹ̀ ẹ́ láti mọ bó ṣe le tó. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ ihò kan ń sọ̀rọ̀ nípa ihò náà nìkan. Ilẹ̀ lè yí padà láàárín àádọ́ta mítà, kò sì sí ẹni tó lè gbẹ́ títì oníkìlómítà ọgọ́rùn-ún ní gbogbo àádọ́ta mítà. Èyí tó tún burú ni pé bí wọ́n bá di ihò náà tán, ibẹ̀ gan-an ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, torí omi máa ń rí ẹ̀bá rẹ̀ wọ̀.

Láàárín ọdún 1952 sí 1954, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ṣe títì ìdánwò sí Malad, ní Idaho, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ akẹ́rù máa lọ kó máa bọ̀ lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ A. C. Benkelman ti gbé ọ̀pá kan jáde tí wọ́n fi ń wọn bí títì ṣe ń tẹ̀. Ohun èlò náà kò díjú rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀pá irin gígùn kan ni, tí wọ́n gbé kọ́ orí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Láti orí ìdúró yìí dé imú ọ̀pá tó nà síwájú jẹ́ mítà 2.44, apá ẹ̀yìn jẹ́ ìdajì rẹ̀, aago wíwọn sì wà ní ìdí rẹ̀.

Wọ́n á di ẹrù sí ọkọ̀ títí irin tó so táyà ẹ̀yìn pọ̀ fi máa gbé tọ́ọ̀nù 8.2 gẹ́lẹ́. Irú ọkọ̀ tó ní táyà méjì-méjì lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì lẹ́yìn ni. Wọ́n á wá ti imú ọ̀pá náà bọ àárín táyà méjèèjì tó wà lápá kan, kó fara kan ojú títì níbi tí ẹrù ti tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ka aago. Dírẹ́bà á wá rọra máa wa ọkọ̀ lọ síwájú, bí ẹrù ṣe ń kúrò ni títì ń dìde, tí imú ọ̀pá sì ń bá a dìde. Bí imú bá gòkè mìlímítà kan, ìdí rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ ní ìlàjì mìlímítà, torí náà wọ́n á sọ ohun tí aago kà di ìlọ́po méjì. Iye tí títì fi dìde yẹn ni iye tí ó fi tẹ̀. Ó tán.

Títí di òní ni wọ́n ń lo ọ̀pá yìí káàkiri ayé, torí owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì nílò iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù. Ọkọ̀ tó ń fà bí ìgbín kì í tẹ títì bí èyí tó ń sáré. Bí títì bá tẹ̀ wọlẹ̀ lọ́nà tó fẹ̀, ẹsẹ̀ ìdúró ọ̀pá náà lè wà nínú ibi tó tẹ̀, kí ìwọ̀n náà má sì péye. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló sábà máa ń fúnni. Ó máa sọ pé títì ń tẹ̀ jù, kò ní sọ ìpele tó fà á.

Ẹ̀rọ tó yanjú ìyẹn ni Falling Weight Deflectometer, tí gbogbo wọn ń pè ní FWD. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní sáà ọdún 1960, àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ló sì tún un ṣe dé ibi tó fi tàn kálẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n máa ń so ó mọ́, tàbí kó wà nínú ọkọ̀ náà. Bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n fẹ́ wọ̀n, ọkọ̀ á dúró, àwo irin rìbìtì kan tó fẹ̀ ní 300 mìlímítà á sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, òun àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní sẹ́ńsọ̀ méje sí mẹ́sàn-án lára. Ìwúwo kan tó wà lókè á já bọ́ sórí rọ́bà tó wà lórí àwo náà: gbì! Ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin á tẹ títì fún nǹkan bí ìdá 25 sí 30 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tó jọ bí táyà ọkọ̀ ńlá tó ń sáré ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Wọn kì í ka jíjábọ́ àkọ́kọ́, torí ńṣe nìyẹn kàn ń jẹ́ kí àwo náà jókòó dáadáa. Wọ́n á ju ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta sí i, wọ́n á kọ nọ́ńbà sílẹ̀, wọ́n á gbé àwo sókè, ó di iwájú. Kò ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ lójú kan. Ipa tí táyà ọwọ́ òde ń gbà ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n, torí ibẹ̀ ni ẹrù ti ń tẹ títì jù, ó sì súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí omi ti ń yọ́ wọlé.

Àwọn sẹ́ńsọ̀ yìí ni gbogbo àṣírí náà. Ọ̀kan wà ní àárín àwo, àwọn yòókù tò jìnnà sí i: 300 mìlímítà, 600, 900, títí dé 1,500 tàbí 1,800. Gbogbo wọn ló ń sọ bí ojú títì ṣe wọlẹ̀ tó níbi tí oníkálukú wà. Bí a bá so nọ́ńbà wọn pọ̀, a máa rí bí ibi tí títì ti wọlẹ̀ lábẹ́ ẹrù ṣe rí. Bí ó ṣe rí yìí ló ń tú ìpele tó ní àìsàn fó.

Ẹ fi ọwọ́ tẹ fóòmù tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì onípákó. Bí fóòmù ti kú ṣùgbọ́n tí pákó abẹ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin, ibi tí ọwọ́ yín wà nìkan ló máa rì, á jìn, kò sì ní fẹ̀. Bí fóòmù bá le ṣùgbọ́n tí pákó ti ṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló máa bá ọwọ́ yín lọ sílẹ̀, títí dé ibi tó jìnnà. Bí títì ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lọ́nà jíjìn kì í gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ ọ̀dà. Ilẹ̀ àdáyébá nísàlẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ìyàtọ̀ láàárín sẹ́ńsọ̀ àárín àti èyí tó wà ní 300 mìlímítà ló ń sọ ti ọ̀dà àti ìpìlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà ṣe é, torí ibẹ̀ ni ó ti ń yéni jù. Ká sọ pé títì méjì wà, tí àárín àwọn méjèèjì tẹ̀ wọlẹ̀ ní mìlímítà 0.60 lábẹ́ ẹrù 40,000 newton, ìyẹn tọ́ọ̀nù mẹ́rin náà. Ọ̀pá Benkelman á ní dọ́gbadọ́gba ni wọ́n. Títì àkọ́kọ́ ka 0.28 ní 300 mìlímítà, ó sì ka 0.05 péré ní 900. Títì kejì ka 0.47 ní 300, ó ka 0.20 ní 900. Ìwé ìlànà tí AASHTO, ẹgbẹ́ àwọn aláṣẹ ọ̀nà ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1993 ní ìṣirò kan tí èèyàn lè fi fóònù ṣe: ẹ fi 0.24 sọ ẹrù di púpọ̀, kí ẹ wá fi iye tó tẹ̀ àti ọ̀nà jíjìn rẹ̀ pín in. Fún àkọ́kọ́, 9,600 tí a fi 45 (ìyẹn 0.05 lọ́nà 900) pín jẹ́ nǹkan bí 213 megapascal. Fún èkejì, 9,600 tí a fi 180 pín jẹ́ nǹkan bí 53. Bí ilẹ̀ abẹ́ títì ṣe le tó ni nọ́ńbà yìí ń sọ. Ìwé kan náà ní bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ amọ̀, ká dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta kí a tó fi ṣe ètò iṣẹ́, torí ohun tí FWD ń rí máa ń ga ju ti yàrá ìdánwò lọ.

Ẹ wá wo bí ìtọ́jú wọn ṣe yàtọ̀. Ilẹ̀ abẹ́ títì àkọ́kọ́ le dáadáa. Ọ̀dà àti ìpìlẹ̀ rẹ̀ ló ti rọ. Bí a bá da ọ̀dà tuntun lé e, orí ohun tó ti jẹrà ni a dà á sí. Ńṣe ló yẹ kí wọ́n họ ọ̀dà kúrò, kí wọ́n tún ìpìlẹ̀ ṣe, kí wọ́n fi ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ti èkejì yàtọ̀: òkè rẹ̀ ṣì dára, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni kò lágbára, omi ló sì sábà máa ń fà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ yẹ gọ́tà wò, kí omi rí ibi gbà, kí wọ́n tó fi ọ̀dà tó nípọn kún un. Ẹni tó bá wú títì kejì yìí látòkè délẹ̀ ti kó owó ìlú dànù, ẹni tó bá sì kun ojú ti àkọ́kọ́ náà ti kó o dànù.

Láti ti inú nọ́ńbà wọ̀nyí dé bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe le tó, kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn ṣe é. Á fojú dá bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe le tó, á ṣírò bó ṣe yẹ kí títì tẹ̀, á fi wé ohun tí sẹ́ńsọ̀ kà, á tún un fojú dá, títí wọn fi máa bára mu. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe é bí kò bá mọ bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó. Bí a bá sọ fún un pé ọ̀dà nípọn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá nígbà tó jẹ́ mẹ́fà, irọ́ ni gbogbo ohun tó máa sọ fún wa lẹ́yìn náà, bó ti wù kí ẹ̀rọ wọ́n tó. Rádà inú ilẹ̀ ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó ń ju ìgbì sísàlẹ̀, ìgbì náà ń ta padà níbi tí ìpele kan bá ti pàdé òmíràn, wọ́n á sì fi àkókò tó lò ṣírò bó ṣe nípọn tó. Nínú ọ̀dà sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, àlọ àti àbọ̀ ìgbì náà kò tó ìdá méjì nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá. Síbẹ̀, wọ́n ṣì máa ń gé ọ̀dà díẹ̀ jáde níbì kan sí ibì kan láti fi yẹ rádà náà wò. Gbígbẹ́ kò tán pátápátá. Ó kàn di díẹ̀ ni, wọ́n sì ti mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́.

Ohun méjì wà tó lè mú kí títì pa irọ́ fún ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì ló sì kan ilẹ̀ tiwa gan-an. Àkọ́kọ́ ni ooru. Ọ̀dà máa ń rọ̀ bí ó bá gbóná. Ojú títì Èkó lọ́sàn-án gangan lè gbóná ju 50°C lọ, nígbà tó jẹ́ pé 20°C tàbí 21°C ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà òyìnbó fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ibì kan náà tí wọ́n wọ̀n láago méje àárọ̀ àti láago méjì ọ̀sán kò ní fúnni ní nọ́ńbà kan náà, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun kò ṣe títì. Wọ́n máa ń lu ihò tíńtín sínú ọ̀dà, wọ́n á da òróró díẹ̀ sí i, wọ́n á ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi ohun tó kà tún nọ́ńbà wọn ṣe.

Èkejì ni òjò. Yangí tó gbẹ nínú oṣù kejì lè gbé òkè. Yangí kan náà nínú oṣù keje, tí gọ́tà ti dí tí omi sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á rọ̀. Ẹni tó bá wọn títì ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sì ṣe àtúnṣe kankan sí nọ́ńbà rẹ̀ máa ròyìn títì tó lágbára ju bó ṣe wà lọ. Bí ó bá ṣeé ṣe, òpin ìgbà òjò ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n, nígbà tí ilẹ̀ ṣì mumi.

Agbára títì kò sì dá dúró. Ẹrù tó ń gbà ni wọ́n ń fi wé. Láàárín ọdún 1958 sí 1960, wọ́n ṣe ìdánwò ńlá sí Ottawa, ní Illinois, níbi tí àwọn sójà Amẹ́ríkà ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù yípo. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé bí ẹrù orí irin táyà bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì, ó súnmọ́ ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Títì tí FWD ní ó ṣì ní ọdún mẹ́wàá lè má lo ọdún kan bí wọ́n bá fojú kéré ẹrù àwọn tírélà tó ń ti èbúté bọ̀. Ìwọ̀n agbára láìsí ìwọ̀n ẹrù kò pé.

Ti títì onísìmẹ́ńtì, bíi Apapa sí Oṣòdì sí Oworonṣoki, yàtọ̀ díẹ̀. Ibi tí pèpéle kan ti pàdé èkejì ni wọ́n ń wá. Wọ́n á gbé àwo FWD sí ẹ̀gbẹ́ kan ojú ìpàdé náà, sẹ́ńsọ̀ á wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí pèpéle méjèèjì bá jọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí èyí tó gba ẹrù bá rì tí ìkejì dúró, irin tó so wọ́n pọ̀ ti bàjẹ́, tàbí kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo.

Lónìí, ọkọ̀ wà tó ń fi lésà wọn bí títì ṣe ń tẹ̀ lábẹ́ táyà òun fúnra rẹ̀ bó ṣe ń sáré, ó lè tó 80 kìlómítà ní wákàtí kan, láì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Dẹ́ńmáàkì ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì ń lò ó ní Bírítéènì àti Ọsirélíà. Kò tíì péye tó FWD lójú kan, ṣùgbọ́n ó dára láti fi yan ibi tó yẹ kí FWD lọ.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Ní 1986, Iléeṣẹ́ Iṣẹ́ Òde ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn onímọ̀ láti Texas, ní ìwé ìlànà lọ́wọ́ lórí bí wọ́n ṣe máa yẹ títì wò kí wọ́n tó mọ bí ọ̀dà tí wọ́n máa dà lé e ṣe yẹ kó nípọn tó. Nítorí náà, a lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tún ọ̀nà àdúgbò yín ṣe, ẹ béèrè oṣù tí wọ́n wọ̀n ọ́n, bí ọ̀dà ṣe gbóná tó lọ́jọ́ náà, mítà mélòó ló wà láàárín ibì kan tí wọ́n wọ̀n àti òmíràn, àti bí wọ́n ṣe mọ bí ìpele ṣe nípọn tó. Bí èsì wọn bá jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ni wọ́n máa dà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kìlómítà ogójì, láìsí ibì kan tó máa nípọn ju òmíràn lọ, ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà sẹ́ńsọ̀ hàn yín, torí kò sí kìlómítà ogójì tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rí bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin.